Odindi Ọ̀rọ̀ ni kí Ẹ Sọ fún Ọ̀gá Yín

Ìbéèrè: Àwa mẹ́fà la wà ní ẹ̀ka tó ń ṣètò ẹrù ní ilé iṣẹ́ wa. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la máa ń parí àtòkọ ẹrù tí yóò jáde lọ́jọ́ kejì. Láti bí oṣù mẹ́rin báyìí, màdáámù tó jẹ́ ọ̀gá wa a máa yí àtòkọ yìí padà lẹ́yìn tí a bá ti parí rẹ̀, nígbà mìíràn láago mẹ́fà. A ó tún un ṣe, ilẹ̀ á ṣú mọ́ wa lórí, ẹrù ẹnì kan á lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Tó bá di ọjọ́ kejì, àwa ni wọn yóò bú lójú gbogbo èèyàn. Ẹlẹgbẹ́ wa kan dìde nípàdé, ó ní ohun tí wọ́n ń ṣe kò dáa. Ojú wọn pọ́n, láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti fún un ní iṣẹ́ gidi kan ṣe mọ́. Gbogbo wa ti panu mọ́. Mo ti kọ lẹ́tà olójú-ewé mẹ́ta sí ọ̀gá àgbà, n kò tíì fi ránṣẹ́. Ṣé kí n fi ránṣẹ́ ni, àbí kí n máa wò ó níran?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì fi lẹ́tà yẹn ránṣẹ́. Ẹ má sì fà á ya. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀, a ṣì máa padà sí i. Ṣùgbọ́n ẹ má wò ó níran o, torí ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, oṣù mẹ́rin sì ti tó kí ọ̀rọ̀ di egbò sínú. Láàárín kí a sun ẹjọ́ ẹni fún ọ̀gá àgbà àti kí a máa wòran, ọ̀nà kan wà tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò tíì gbà. Kò tíì sí ẹni tó jókòó ti màdáámù yìí, àwọn méjèèjì péré, tó ka ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún wọn ní ení, èjì, ẹ̀ta, tó sì sọ ohun tó fẹ́ kí wọ́n ṣe sí i. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní ẹlẹgbẹ́ yín ti sọ ọ́. Mò ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ẹrù tó wà nínú lẹ́tà yín. Nínú ìbéèrè kékeré tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo rí tí wọ́n lọ́ mọ́ra. Àtòkọ ń yí padà lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí. Ẹ ń pẹ́ níbi iṣẹ́. Wọ́n ń bú yín ní gbangba. Ẹ̀kẹrin tilẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn ohun tó dé bá ẹlẹgbẹ́ yín. Bí mo bá mọ èèyàn dáadáa, èébú yẹn ló ń dùn yín jù, torí ìtìjú máa ń pẹ́ lára ju àárẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ dà síwájú wọn lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó bá rọrùn fún wọn láti fèsì sí ni wọn yóò he. Wọn á ní, "Ṣé torí mo bá yín wí ni gbogbo èyí?" Ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀, àtòkọ á sì tún yí padà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ mú ẹyọ kan. Àtòkọ ni kí ẹ mú, torí òun ni gbòǹgbò. Tí àtòkọ bá dúró, ẹ ó máa tètè lọ sílé, àṣìṣe á dín kù, ẹni tó fẹ́ bú yín náà á sì wá ìdí tì. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Kí ẹ tó lọ bá wọn, ẹ wá ìwé kékeré kan. Fún ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá, ẹ máa kọ nǹkan márùn-ún sí i: ọjọ́, aago tí ẹ parí àtòkọ, bóyá ó yí padà, aago tó yí padà, àti iye ẹrù tó ṣìnà lọ́jọ́ kejì. Ẹ kọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró di òpin ọ̀sẹ̀ kí ẹ wá máa rántí. Ẹ má kọ "wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀ ìwà wọn" sínú rẹ̀. Aago àti iye ni kí ẹ kọ. Ìwé tí inú bíbí wà nínú rẹ̀, ẹ kò ní lè gbé e síwájú ẹnikẹ́ni.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò níbí nìyí: ẹ kọ àwọn ọjọ́ tí nǹkan kan kò yí padà pẹ̀lú. Mo ní ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn. Ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 1986, ọkọ̀ Challenger tí Amẹ́ríkà fi ń gbé èèyàn lọ sí gbalasa òfuurufú fọ́ yángá lójú ọ̀run ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 73 lẹ́yìn tó gbéra, àwọn méje tó wà nínú rẹ̀ sì kú. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, àwọn ẹnjiníà ilé iṣẹ́ Morton Thiokol, àwọn tó ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń gbé e, ti sọ fún NASA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń rán ọkọ̀ náà lọ, lórí fóònù pé òtútù ti pọ̀ jù, pé òrùka rọ́bà tó ń dí oríkèé rọ́kẹ́ẹ̀tì náà lè má dí i. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àwòrán àti ìṣirò wà lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kìkì àwọn ìrìn-àjò tí òrùka náà ti bàjẹ́ ni wọ́n gbé yẹ̀ wò. Nínú àwọn yẹn, ọ̀kan bàjẹ́ nígbà òtútù, òmíràn bàjẹ́ nígbà ooru, ọ̀rọ̀ òtútù kò sì yọ jáde. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó wádìí ìjàǹbá náà wá kó gbogbo ìrìn-àjò jọ, èyí tó bàjẹ́ àti èyí tí kò bàjẹ́, kedere ni. Nínú 20 tó wáyé nígbà tí ooru tó ìwọ̀n 66 Fahrenheit tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, mẹ́ta péré ni òrùka ti ní ìpalára. Mẹ́rin ló wáyé nígbà tó tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ní i.

N kò dá àwọn ẹnjiníà yẹn lẹ́bi o. Àwọn ọ̀gá wọn ló yí ìmọ̀ràn wọn padà lóru ọjọ́ náà nígbà tí NASA kò gbà á tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn. Ohun tí mo ń fà yọ ni pé ọjọ́ tí nǹkan lọ déédéé ló ń fi ohun tó bà á jẹ́ hàn. Ká ní ìwé yín sọ pé àtòkọ yí padà lọ́jọ́ mẹ́fà nínú mẹ́wàá, tí ẹrù ṣìnà lẹ́yìn márùn-ún nínú mẹ́fà yẹn, tí kò sì sí ẹyọ kan tó ṣìnà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin yòókù, kí lẹ tún fẹ́ máa ṣàlàyé? Tí ẹ bá sì rí i pé ẹrù ń ṣìnà lọ́jọ́ tí àtòkọ kò yí padà náà ńkọ́? Ìyẹn náà dára. Ó sàn kí ẹ rí i fúnra yín nínú ilé ju kí màdáámù fi hàn yín lójú yín lọ.

Ẹ wá jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ lórí ẹnu, torí ibẹ̀ ni èmi ti ń rí i tí èèyàn ń kọsẹ̀ jù lọ, pàápàá àwa tí a kọ́ láti kékeré pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀ á di odindi. Òwe yìí dára láàárín ọkọ àti aya, ó dára láàárín àna àti àna. Níbi iṣẹ́, àbọ̀ ọ̀rọ̀ ti pààyàn. Ní ọjọ́ 28 oṣù kejìlá ọdún 1978, bàálù ilé iṣẹ́ United tí wọ́n ń pè ní 173 ń lọ sí Portland ní Amẹ́ríkà. Awakọ̀ fura pé ẹsẹ̀ bàálù kò jáde dáadáa, ló bá ń yípo lójú ọ̀run fún bíi wákàtí kan kí wọ́n lè múra sílẹ̀. Epo ń tán lọ. Àwọn méjì tó jókòó tì í níwájú rí i pé epo ń tán, wọ́n sì mẹ́nu bà á. Ṣùgbọ́n ńṣe ni wọ́n ń dárúkọ iye tó kù bí ẹni ń ka aago. Kò sí èyí tó kọjú sí ọ̀gá tó ní, "Ẹ jẹ́ ká balẹ̀ nísinsìnyí, tí a kò bá balẹ̀ a máa já." Epo tán, bàálù já sáàárín àdúgbò kan nítòsí pápákọ̀ òfuurufú. Èèyàn 10 kú nínú 189. Àwọn tó wádìí rẹ̀ dá awakọ̀ lẹ́bi pé kò fojú sí epo, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé bóyá àwọn méjì yòókù kò mọ bí ewu náà ti tó, tàbí pé wọn kò jẹ́ kó yé e. Láti ọdún 1981 ni United ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù rẹ̀ bí ẹni tó wà lábẹ́ ṣe ń sọ̀rọ̀ tí ọ̀gá á fi gbọ́, àti bí ọ̀gá ṣe ń gbọ́. Lónìí ẹ̀kọ́ yìí ti di dandan fún àwọn ilé iṣẹ́ bàálù káàkiri ayé.

Wọ́n mú irú rẹ̀ wọ ilé ìwòsàn náà. Gbólóhùn mẹ́ta ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ: ọ̀rọ̀ yìí ń kọ mí lóminú, ara mi kò balẹ̀ sí ohun tí a fẹ́ ṣe yìí, ewu ni èyí. Ẹni tó bá gbọ́ ẹ̀kẹta kò lè sọ pé òun kò mọ̀.

Èmi fúnra mi ti jìyà àbọ̀ ọ̀rọ̀. Nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n kó iṣẹ́ ẹni méjì lé mi lórí lẹ́yìn tí ẹnì kan kúrò. Mo lọ bá ọ̀gá mi, mo ní, "Sà, ó jọ pé iṣẹ́ ń pọ̀ sí i díẹ̀ o." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Olúwa á máa fún wa lókun." Mo fi ìbínú gbé e fún oṣù mẹ́fà. Mo ń sọ fún gbogbo ayé pé ọ̀gá mi ò láàánú. Lọ́jọ́ tí mo ń gbé ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ fún wọn ni wọ́n bi mí léèrè ohun tó dé, mo sì wá tú u sílẹ̀. Ẹnu yà wọ́n. "Kí ló dé tí o kò sọ?" Mo ní mo sọ. Wọ́n ní, "O kò sọ fún mi, o kí mi ni." Ó dùn mí, torí òótọ́ ni.

Odindi ọ̀rọ̀ kì í ṣe àrífín. Ohùn ni ọ̀wọ̀ wà, àti ìkíni, àti ibi tí a ti sọ ọ́. Kò sí nínú kí a gé ọ̀rọ̀ sí méjì. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé ọ̀rọ̀ lòwe náà sọ, kò ní ìdákẹ́jẹ́. Tó bá jẹ́ èmi ni mo wà nípò yín, báyìí ni n ó ṣe sọ ọ́:

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ ṣeun tí ẹ fún mi láyè. Ọ̀rọ̀ àtòkọ ẹrù ni mo bá wá. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yìí, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló yí padà lẹ́yìn aago mẹ́rin. Ẹrù ṣìnà lẹ́yìn márùn-ún nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ mẹ́rin tí kò yí padà, kò sí èyí tó ṣìnà. Ó ń kọ mí lóminú, mà, torí àwọn oníbàárà ti ń bínú sí ẹ̀ka wa. N kò mọ ohun tó ń fa àyípadà náà, bóyá ẹ lè là mí lóye. Ohun tí mo rò ni pé kí a fi aago márùn-ún ṣe òpin, kí èyí tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ di ti ọjọ́ kejì. Tó bá jẹ́ kánjúkánjú tí kò ṣeé dá dúró, kí ẹni méjì jọ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde. Kí lẹ rí sí i, mà?"

Kò tó ìṣẹ́jú méjì. Ẹ wo ohun tí kò sí níbẹ̀. Kò sí "gbogbo ìgbà lẹ máa ń." Ẹni tí a bá sọ pé gbogbo ìgbà ló ń ṣe nǹkan, ọjọ́ kan ṣoṣo tí kò ṣe é ni yóò fi dá wa lóhùn. Kò sí "ẹ kò kà wá sí," torí ẹ kò rí inú wọn. Kò sì sí "gbogbo wa la ń sọ ọ́." Mo mọ̀ pé ìyẹn máa ń fúnni nígboyà, àmọ́ láti ìgbà tí wọ́n bá ti gbọ́ ọ, ọkàn wọn á kúrò lórí àtòkọ, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ta ni àti ta ni. Ẹ sọ ohun tí ojú yín rí.

Gbólóhùn tó ní "n kò mọ ohun tó ń fa àyípadà náà" kì í ṣe ẹ̀tàn tàbí ìpọ́nni. Agbẹjọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni, ẹ̀yin náà ò sì tíì gbọ́ tẹnu màdáámù. Ẹjọ́ kan tí mo bá wọn dá sí nígbà kan rí báyìí gẹ́lẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ gbà pé ọ̀gá wọn kàn fẹ́ràn láti máa fi ìyà jẹ wọ́n ni. A débẹ̀, a bá a pé ẹ̀ka mìíràn ni kì í fi iye tirẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá náà títí di aago márùn-ún ààbọ̀. Ó ti bá wọn jà títí, kò rí ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ gbé dání, ó sì tijú láti sọ fún àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ pé apá òun ò ká a. Ìwé kékeré tí ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà fi ń ka ọjọ́ ni ọ̀gá yìí gbé lọ bá ọ̀gá tirẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan wọ́n yí aago ẹ̀ka kejì padà. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá wọlé bí ẹni tó ti dájọ́ tán, ẹ kò ní mọ̀ bóyá ó rí bẹ́ẹ̀.

Nípa àsìkò: ẹ má lọ láago mẹ́fà tí àtòkọ ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà, ẹ má lọ lọ́jọ́ tí wọ́n bú yín, ẹ má dá wọn dúró lójú ọ̀nà. Ẹ tọrọ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lówùúrọ̀ ọjọ́ tí iṣẹ́ kò pọ̀, kí ẹ sì sọ ohun tó jẹ́ pé ẹ fẹ́ bá wọn sọ. Ọ̀gá tó bá gbọ́ "mo fẹ́ rí yín" láìsí àlàyé á ti gbà pé ẹ fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀ ni tàbí pé ẹ fẹ́ yá owó, ara rẹ̀ á sì ti le kí ẹ tó wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí ẹlẹgbẹ́ yín. Òótọ́ ni ohun tó sọ. Àmọ́ ẹ fi ara yín sípò màdáámù fún ìṣẹ́jú kan. Wọ́n jókòó síwájú gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ wọn, ẹnì kan dìde, ó ní ohun tí ẹ ń ṣe kò dáa. Kí ni wọ́n lè fi ìyẹn ṣe? Kò ka ọjọ́ fún wọn, kò sọ ohun tó fẹ́. Ọ̀nà méjì ló kù: kí wọ́n gbà lójú gbogbo èèyàn pé àwọn jẹ̀bi, tàbí kí wọ́n bínú. Ọ̀pọ̀ èèyàn á bínú. Pé wọ́n wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà, ìyẹn burú, n kò ní gbè wọ́n lẹ́yìn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tirẹ̀ nìyẹn. Ẹ má fi kún tiyín láìjẹ́ pé ó ní kí ẹ bá òun gbé e. Ẹ bi í léèrè o, torí ó ṣeé ṣe kó rò pé ẹ ti pa òun tì.

Ṣé kí ẹ mú ẹlòmíràn dání? Ẹni kan, ó dáa, tó bá jẹ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ náà tí ohùn rẹ̀ sì tutù. Gbogbo ẹ̀yin mẹ́fà, rárá, ogun nìyẹn. Àmọ́ àwọn yòókù gbọ́dọ̀ ṣe tán láti dáhùn òótọ́ tí wọ́n bá bi wọ́n. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Màdáámù lè gbà tọkàntọkàn pé ẹ̀yin nìkan ni ọ̀rọ̀ àtòkọ ń yọ lẹ́nu. Tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá wà níbi iṣẹ́ yín, ẹ lọ bá aṣojú wọn ṣáájú, kó mọ̀ pé ẹ fẹ́ lọ, kódà bí ẹ kò bá fẹ́ kó bá yín dé ibẹ̀. Ẹnì kan tún lè ní kí ẹ kọ lẹ́tà tí kò ní orúkọ. Nínú ẹ̀ka èèyàn mẹ́fà, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni. Wọn yóò fi ọwọ́ ìkọ̀wé àti ẹnu yín mọ̀ yín kí ilẹ̀ tó ṣú.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá sọ̀rọ̀ tán, kí ẹ tó kúrò níbi iṣẹ́, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ tàbí íméèlì kékeré kan ránṣẹ́ sí wọn: "Ẹ ṣeun, mà. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ẹ máa bá ẹ̀ka kejì sọ̀rọ̀, ẹ ó sì jẹ́ ká mọ̀ lọ́jọ́ Ajé." Ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́. Ìrántí ni fún wọn, ẹ̀rí sì ni fún yín bí ọjọ́ bá gorí ọjọ́.

Tí wọ́n bá gbà, ẹ má dá ìwé kékeré yẹn dúró. Ẹ tún kọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ padà lọ sọ fún wọn pé ẹrù kò ṣìnà mọ́. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó máa ń wá fẹjọ́ sùn, ìka ọwọ́ kan ti tó mi ka àwọn tó padà wá sọ pé ó ti dáa, bẹ́ẹ̀ àwọn wọ̀nyí ni ọ̀gá máa ń tètè dá lóhùn nígbà mìíràn. Tí wọ́n bá ní "màá wò ó," ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè ọjọ́ tí ẹ lè padà wá gbọ́. Tí wọ́n bá bínú ńkọ́? Ẹ má bá wọn gbé ohùn sókè. Ẹ ní, "Mo gbọ́ yín, mà. Ẹ jẹ́ kí n fi ìwé yìí sílẹ̀ kí ẹ lè wò ó tí àyè bá yọ." Kí ẹ dìde. Ẹ jẹ́ kó tó ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tún padà lọ. Mo ti rí ọ̀gá tó pariwo lọ́jọ́ Ajé tó sì fi òru ọjọ́ Ẹtì ka ìwé náà.

Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kejì tí kò bá sí àyípadà, ó tó àkókò láti lọ sókè. Ṣùgbọ́n màdáámù ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún: "Mà, mo rò pé ọ̀rọ̀ yìí ti ju agbára ẹ̀ka wa lọ. Mo fẹ́ kí a gbé e dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà, màá sì fẹ́ kí ẹ wà níbẹ̀." Nígbà náà ni kí ẹ wá yọ lẹ́tà yẹn jáde nínú dúrọ́ọ̀. Ẹ mú kálàmù pupa. Gbogbo ohun tí kò sí nínú ìwé kékeré yín, ẹ fagi lé e. Ojú-ewé mẹ́ta á di ọ̀kan, ọ̀kan náà sì ni ọ̀gá àgbà máa ń kà tán.

Gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tó ń lọ́ ni mo ń sọ ọ́ fún. Ó ní ibi tí kò dé. Tí ẹ̀rọ kan bá fẹ́ gé èèyàn lọ́wọ́, ẹ dá a dúró ná, kí àlàyé tẹ̀ lé e. Àdéhùn ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ti ọdún 1981 lórí ààbò níbi iṣẹ́ sọ pé òṣìṣẹ́ tó bá kúrò níbi tó ní ìdí gidi láti gbà pé ewu ńlá ti sún mọ́ ẹ̀mí tàbí ìlera rẹ̀, kò yẹ kí wọ́n fìyà jẹ ẹ́ nítorí rẹ̀. Bákan náà, tó bá jẹ́ pé ọ̀gá ló ń fọwọ́ kan yín níbi tí kò yẹ tàbí tó ń halẹ̀ mọ́ yín, ẹ má lọ jókòó ti òun nìkan nítorí pé mo ní kí ẹ máa fi ohùn tútù sọ̀rọ̀. Ẹ lọ bá ẹlòmíràn tó láṣẹ, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, tàbí agbẹjọ́rò. ILO ṣe àdéhùn ọ̀tọ̀ lórí ìyẹn ní ọdún 2019. Ti olè jíjà náà rí bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì rí agbẹjọ́rò kí ẹ tó gbé ìwé ilé iṣẹ́ kankan jáde, torí ẹ̀yin ni wọ́n lè pè lólè.

Nípa ẹ̀rù pé wọ́n á lé yín: láti ọdún 1967 ni ILO ti gba àwọn orílẹ̀-èdè nímọ̀ràn pé òṣìṣẹ́ tó ní ẹ̀dùn ọkàn gbọ́dọ̀ lè gbé e kalẹ̀ kí wọ́n sì gbọ́ ọ, láìjìyà kankan nítorí rẹ̀. Àdéhùn ti ọdún 1982 tún sọ pé kí òṣìṣẹ́ fẹjọ́ agbanisíṣẹ́ sùn pé ó rú òfin kì í ṣe ìdí tó tọ́ láti dá a dúró. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ló fọwọ́ sí àdéhùn wọ̀nyí, ìwé kò sì lè ní kí ọ̀gá má fajú ro sí yín. Ẹ ka òfin ibi tí ẹ wà àti ìwé ìlànà ilé iṣẹ́ yín, ibi tí wọ́n ti sọ bí a ṣe ń fi ẹ̀dùn ọkàn hàn. Tí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tí wọ́n ṣì ń fìyà jẹ yín, ẹ ti mọ irú ibi tí ẹ wà nìyẹn, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ mìíràn nígbà tí owó oṣù ṣì ń wọlé.

Ọ̀rọ̀ kan ni mo ní fún ọ̀gá tó bá ń ka ìwé yìí láti èjìká yín. Ní àwọn ọdún 1990, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Amy Edmondson ń wádìí àṣìṣe oògùn ní àwọn ilé ìwòsàn. Ó retí pé ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń ṣe dáadáa pọ̀ ni àṣìṣe á ti kéré. Òdì kejì ló rí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ àṣìṣe sílẹ̀ jù, torí pé ọkàn wọn balẹ̀ láti sọ ọ́. Tí ẹ̀ka yín bá dákẹ́ rọ́rọ́ fún oṣù mẹ́rin, ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má tíì dúpẹ́.

Ìwé kékeré yẹn, ọ̀la ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ kọ aago tí ẹ parí àtòkọ sórí ìlà àkọ́kọ́, kódà bí kò bá yí padà lọ́la.